Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ẹgbẹ́ Ayò Ọlọ́pọ́n Dúró Nílùú Yín, Kí Fóònù Má Gbà Á Lọ́wọ́ Yín

Ẹgbẹ́ ayò kì í kú lójijì. Ẹnì kan á ṣí gúrúùpù WhatsApp fún un, inú gbogbo wọn á dùn, wọ́n á máa fi fọ́tò ọpọ́n ránṣẹ́. Nígbà tó bá pẹ́ díẹ̀, "ẹ káàárọ̀, Olúwa á ṣàánú wa" ló máa kù níbẹ̀, pẹ̀lú ìpolówó ilẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti fídíò tí wọ́n ti pín kiri títí tó fi gbó. Àwọn tó ń ta ayò gan-an á dákẹ́. Abẹ́ igi tí wọ́n ti ń pàdé á ṣófo, oníkálukú á sì rò pé òun ṣì wà nínú ẹgbẹ́, torí ó ṣáà ń rí orúkọ òun nínú fóònù.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Èkìtì, tàbí tó fẹ́ jí èyí tó ti ń tòògbé. Kò sí ìjà láàárín èmi àti fóònù. Mo kàn fẹ́ kó mọ ipò rẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pe ènìyàn wá sídìí ọpọ́n. Ìdí ọpọ́n fúnra rẹ̀, ìwé tí a ń kọ níbẹ̀, àti àwọn tó dúró tì yín tí wọ́n ń wo bí ẹ ṣe ń ta, àwọn ni ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ojú kan àti ọjọ́ kan

Kí ẹ tó wá ènìyàn, ẹ wá ibi. Ibi tó dára jù ni ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá lọ síbi tiwọn: iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ọgbà mẹkáníìkì, abẹ́ igi odán níwájú ààfin. Ibi tó fara sin kò dára, nítorí ẹni tó ń kọjá lọ tó dúró wò yín lónìí ni ọmọ ẹgbẹ́ yín lọ́la. Ní Adó, mo fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ ọjà ju inú gbọ̀ngàn lọ. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ọjà Ọba pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ á dúró, á wò ó díẹ̀, á ní "ilé kẹta nì yẹn ni kó o ta o", a ti mú un nìyẹn.

Ẹ rí i pé òrùlé wà nítòsí. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ìrọ̀lẹ́ ni òjò Èkìtì sábà máa ń rọ̀, ẹgbẹ́ tí òjò bá sì tú ká lẹ́ẹ̀mejì léraléra kì í yá kó jọ mọ́. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ibẹ̀, kí ẹ sì máa gbá ilẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ní ti ọjọ́, ẹ má mú Sátidé. Sátidé nílẹ̀ Èkìtì jẹ́ ti òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó àti ìwúyè; ẹ kò lè bá a díje, kò sì yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ọjọ́rú ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ọ̀sán Jímọ̀ sì jẹ́ ti àwọn tó ń lọ kírun. Ọjọ́bọ̀ láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dára, bẹ́ẹ̀ náà ni Sunday lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti jẹ iyán tán tí wọ́n sì ti sùn díẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko nínú yín kí ẹ tó pinnu, torí ìgbà ìkórè kì í dúró de ayò.

Ọjọ́ tí ẹ bá mú, ẹ má yí i nítorí pé ènìyàn méjì péré ló wá. Ènìyàn méjì ló ń ta ayò. Ẹgbẹ́ ti pé nìyẹn. Ohun tó ń pa ẹgbẹ́ ni "a máa fi ọjọ́ ránṣẹ́". Bó bá ti di pé ènìyàn gbọ́dọ̀ wo fóònù kó tó mọ̀ bóyá ayò wà lónìí, ẹgbẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ọpọ́n, ọmọ ayò, àti òfin tí gbogbo yín fọwọ́ sí

Ọpọ́n kan ní ilé 12, mẹ́fà lápá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ló ń wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ kà á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún kà á lẹ́yìn tí ẹ bá parí, kí ẹ sì ní díẹ̀ lápamọ́ nínú àpò kékeré. Òkúta wẹ́wẹ́ lè rọ́pò ọmọ ayò tó bá sọnù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè rí ọmọ ayò gidi, èyí tó rí bí eérú tó sì ń dán, tó ń so lára igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Caesalpinia bonduc, òun ni kí ẹ lò. Ìró rẹ̀ nínú ọpọ́n wà lára ohun tó ń dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró.

Ọpọ́n méjì tó fún ènìyàn mẹ́jọ. Ẹ má ra ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá rí ọpọ́n jókòó tì, kò ní sí òǹwòran, ẹnu òǹwòran sì ni ayò ti ń dùn. Kí ẹni tí wọ́n bá pa dìde fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní jókòó pẹ́ débi tí àwọn tó ń dúró á fi fa fóònù yọ.

Òfin ayò yàtọ̀ díẹ̀ láti ìlú kan sí ìkejì, ìjà tó sì ń tú ẹgbẹ́ ká jù ni ti ẹni tó ní "a kì í ta á báyìí lọ́dọ̀ tiwa". Ẹ jókòó lọ́jọ́ kìíní, ẹ kọ òfin yín sójú ìwé kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọpọ́n. Èyí tí àwa ń lò nìyí. Ẹ kó gbogbo ọmọ inú ilé kan lápá yín, kí ẹ máa jù ú lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tó tẹ̀ lé e lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì yípo gba ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí ọmọ inú ilé náà bá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ti di odù, ẹ fo ilé tí ẹ ti kó o nígbà tí ẹ bá yípo dé ibẹ̀. Ẹ jẹ nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì tó sì sọ ọ́ di 2 tàbí 3. Bí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bá jẹ́ 2 tàbí 3, ẹ jẹ ẹ́, ẹ máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi kan ilé tí kì í ṣe 2 tàbí 3. Bí ọmọ bá tán lápá ẹnìkejì, ẹ gbọ́dọ̀ ta èyí tó máa fún un ní ọmọ bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ló pa ẹnìkejì. Bó bá di 24 sí 24, ọ̀mì ni.

Ibì kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ pinnu fúnra yín: kí ni kó ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn bá ta ayò tó lè jẹ gbogbo ọmọ tó kù lápá ẹnìkejì tán lẹ́ẹ̀kan náà? Àwọn kan ní kó jẹ ẹ́. Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ní ìwé ayò

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò ní nìyí.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nínú gúrúùpù. Ọmọ kan béèrè ní oṣù Kìíní pé báwo ni òun ṣe lè dá odù dúró kí wọ́n má tú u mọ́ òun lọ́wọ́. Bàbá kan tó mọ̀ ọ́n dá a lóhùn dáadáa pẹ̀lú ohùn, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ní oṣù Kẹfà, ẹlòmíràn béèrè ohun kan náà. Ìdáhùn tàkọ́kọ́ ti rì sábẹ́ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ "àmín". Bàbá náà kò ní í tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá tún un sọ, kò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí a ṣe ń pàdánù ọgbọ́n àwọn tó mọ ayò nìyẹn, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè lójú wa.

Ẹ ra ìwé kan tó nípọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, kí ó má sì kúrò nídìí ọpọ́n. Apá iwájú rẹ̀ jẹ́ ti ayò tí a ta. Apá ẹ̀yìn jẹ́ ti ìbéèrè.

Láti kọ ayò sílẹ̀, ẹ fún ilé ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ta ló ni ilé 1 sí 6, láti ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹnìkejì ló ni 7 sí 12, lọ́nà kan náà láti ọwọ́ òsì tirẹ̀. Báyìí, nọ́ńbà ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí ọmọ ayò ń gbà. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé tí ó ta nìkan. Bó bá jẹ nǹkan, ẹ fi "j" sí i pẹ̀lú iye tó jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ilé 6 ní ọmọ 3. Lápá kejì, ilé 7 ní 1, ilé 8 ní 1, ilé 9 ní 2, ilé 10 sì ní 5. Ẹni tó ni ilé 6 ta á: ilé 7 di 2, ilé 8 di 2, ilé 9 di 3. Ọmọ tó kẹ́yìn bọ́ sí ilé 9, ó jẹ 3. Ó padà sẹ́yìn, ó jẹ 2 ní ilé 8, ó tún jẹ 2 ní ilé 7. Ẹ máa kọ ọ́ ní "6j7". Bó bá ṣe pé ọmọ 3 ló ti wà ní ilé 8 tẹ́lẹ̀, yóò di 4, ibẹ̀ ni yóò sì dúró: 3 péré ni yóò jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé 7 jẹ́ 2. Ẹni tó bá kọ irú èyí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ojú rẹ̀ á máa rí i kó tó ṣẹlẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dàrú mọ́ akọ̀wé lójú, kó ka ọmọ tó wà lórí ọpọ́n, kó fi èyí tí a ti jẹ kún un. Bí kò bá pé 48, àṣìṣe ti wà níbì kan, ẹ padà sẹ́yìn kí ẹ wá a.

Ta ni kó máa kọ? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tó dìde. Àṣẹ tí mo nígbàgbọ́ nínú rẹ̀ jù lọ nìyẹn. Ó ṣì ń dùn ún, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí ọpọ́n, ó ń wá ibi tí òun ti kùnà. Bí ẹ bá fún un ní bírò, kò ní í lọ sílé, kò sì ní í mú fóònù. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè pe nọ́ńbà jáde kí ọmọdé kan máa kọ ọ́. Àwọn méjèèjì ló jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Ní apá ẹ̀yìn, ẹ kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sórí ojú ìwé tirẹ̀, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn lè wá lọ́jọ́ náà, ó lè wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dáhùn. Bí Bàbá bá sọ ọ́ ní ohùn Ìjerò tàbí ti Ìkọ̀lé, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá ilé ìwé. Lójú ìwé kìíní, ẹ fi àkóónú sí i: odù, ìbẹ̀rẹ̀ ayò, ìparí ayò, bí a ṣe ń fi ebi pa ẹnìkejì, bí a ṣe ń sá fún ẹni tó fẹ́ jẹ. Ẹni tó bá béèrè ohun tó ti wà nínú ìwé, ẹ má bá a wí. Ẹ ṣí ojú ìwé náà, ẹ kà á fún un, kí ẹ sì bi àwọn tó kù bóyá wọ́n ní nǹkan láti fi kún un. Wọ́n sábà máa ń ní i.

Kí ìpàdé kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ayò àtijọ́ kan nínú ìwé, kí ẹ tún un ta lórí ọpọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì dúró níbi tí ó ti yí padà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìwé tí a kò bá kà, ikán ni a ń kọ ọ́ fún.

Nítorí ikán àti iná, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tuntun lóṣooṣù, kí ó wà lọ́dọ̀ ènìyàn méjì tí kì í gbé ilé kan náà, kí ọ̀kan sì wà nínú fláàṣì. Bí ìwé bá kún, ẹ ṣe fọtokọ́pì rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ ohun tí gúrúùpù wà fún

Ẹ lè ní gúrúùpù WhatsApp. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Àwọn kan á bínú díẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní. Ẹ ní sùúrù fún wọn, kí ẹ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ má yí i padà. Nǹkan mẹ́ta péré ni kó máa lọ síbẹ̀: ìránnilétí ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ìròyìn ayọ̀ tàbí ti ọ̀fọ̀ tó kan ọmọ ẹgbẹ́, àti àdììtú kan lọ́sẹ̀ kan.

Àdììtú yìí ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ to ọpọ́n sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ "ta ló kàn, ilé wo ni ẹ máa ta?" Ẹ má fi ìdáhùn síbẹ̀ láé. Ìdí ọpọ́n ni kí a ti tú u. Mo ti rí ẹni tí kò wá fún ìgbà pípẹ́ tó gun ọ̀kadà láti Ìyìn wá sí Adó nítorí pé àdììtú kan kò jẹ́ kó sùn.

Ní Facebook àti TikTok, ẹ máa fi fídíò kúkúrú síbẹ̀: ọwọ́ tó ń tú odù ńlá, ariwo àwọn òǹwòran, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ wà àti ọjọ́ tí ẹ ń pàdé sójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde. Ẹ má jókòó máa bá àwọn ènìyàn jiyàn níbẹ̀, ẹ má sì ka iye àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sí èrè. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó tẹ àmì ìfẹ́ láti ìlú tí wọn kò lè ti wá jókòó kò tó ẹnì kan láti òpópónà kejì tó béèrè pé "ṣé mo lè wò?"

Àwọn kan máa sọ pé kí ni ìwé ń ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà nínú fóònù. Ẹ rán wọn létí BBM, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù BlackBerry. Ó ní ìgbà kan ní Nàìjíríà tí ẹni tí kò ní PIN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wá ènìyàn níbẹ̀, kò jámọ́ nǹkan kan; ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n tì í pa fún àwọn aráàlú, àwọn gúrúùpù tó wà níbẹ̀ sì bá a lọ. Yahoo Groups tì ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Twitter, tí wọ́n ń pè ní X báyìí, kò kú, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba ti ọ̀nà rẹ̀ mọ́ gbogbo wa ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹ lè ná ọjà níbẹ̀, ẹ má kọ́lé síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tọ́jú ọ̀pẹ̀

Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, ọ̀pẹ̀ sì ni ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta. Gbogbo wa mọ ìkíni ìdí ọpọ́n. Ẹni tó dé á ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ̀ o!" Wọ́n á dá a lóhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn, mi ò fẹ́ kó parẹ́, torí ayò tí kò ní ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó kọ́kọ́ wá, tí àwọn àgbà mẹ́fà sì bú sẹ́rìn-ín lé lórí, kò ní í padà wá. Ó ní ibòmíràn tó lè lọ nínú àpò rẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tó máa fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ohun tí a ń ṣe ni pé a máa ń yan ọ̀ta kan fún ẹni tuntun fún ìpàdé mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọ̀ta yẹn á jókòó tì í, kì í ṣe níwájú rẹ̀, á sì máa bi í léèrè kó tó ta: "Bó o bá ta ilé yẹn, kí ni òun náà máa ta?" Lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta, ó ti di ọ̀pẹ̀ gidi, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀ bí a ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nílẹ̀ Èkìtì, ní Adó, ní Ìkéré, àti ní Ọ̀yẹ́ láti ìgbà tí fásitì ìjọba àpapọ̀ ti dé ibẹ̀ ní ọdún 2011. Wọ́n kọ́ ọ kíákíá, wọ́n sì ń lọ nígbà ìsinmi. Ẹ má rò pé àdánù ni. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ títẹ ìwé ayò sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà kan lọ; ibi tí wọ́n bá dé, wọ́n lè tẹ́ ọpọ́n tiwọn.

Ọ̀kan nínú wọn máa ní òun ń bá áàpù ta ayò nínú fóònù òun, àti pé áàpù náà gbóná ju gbogbo yín lọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit ní Amsterdam lo ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láti tú awari, ẹ̀yà ayò kan tó jọ tiwa gan-an, palẹ̀ pátápátá. Ipò ọpọ́n tí wọ́n ṣírò lé ní bílíọ̀nù 889, wọ́n sì rí i pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò jẹ́. Ẹ sọ èyí fún ọmọ náà, inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó mú ayò kan tí áàpù pa á wá, kí a tún un ta lórí ọpọ́n. Áàpù á pa á, kò ní í sọ èrò wo ló gbé e débẹ̀. Àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Ẹ pe àwọn obìnrin. Ẹ má retí kí wọ́n fúnra wọn wá síbi tí ọkùnrin nìkan wà tí ẹmu ń rùn. Ìyá tó ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ti ń wò yín tipẹ́. Ẹ gbé ọpọ́n lọ bá a ní wákàtí tí ọjà kò yá. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé kì í sábà kọ̀ bí ẹ bá fi hàn án pé ìṣirò ni ọmọ ń kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn tó wà lẹ́yìn odi

Ibí yìí ni fóònù ti wúlò gan-an. Ọmọ ìlú tó wà ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó lè ta ayò pẹ̀lú yín, ilé kan lóòjọ́. Ó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, "4", ó parí. Ẹnì kan ní ilé ta á lórí ọpọ́n tí a yà sọ́tọ̀ fún un, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Tó bá di ọjọ́ ìpàdé, gbogbo ẹgbẹ́ á dúró tì í, wọ́n á jọ jiyàn lórí ilé tí a máa fi dá a lóhùn. Ẹ fún un ní wákàtí 48; bó bá kọjá bẹ́ẹ̀ láìsọ ìdí, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ kà á sí ẹni tí wọ́n pa.

Ẹ rí i pé ìwé ayò ni gbogbo rẹ̀ ń lọ sí. Kí ẹni náà mọ̀ pé bí òun bá wálé fún ọdún Kérésì, òun máa bá ayò òun nínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ keje: Owó, àti ẹni tó máa gbà á

Ẹ má ta tẹ́tẹ́. Ibi tí owó bá ti wọ ayò, ọ̀pẹ̀ kì í wá mọ́, ọlọ́pàá sì lè wá. Owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju èyí tó máa ra ìwé, fọtokọ́pì, àti omi mímu lọ. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ayò kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Bí olóṣèlú bá fẹ́ fún yín ní ọpọ́n tó ní àwòrán rẹ̀ lára, ẹ dúpẹ́, ẹ má gbà á. Ìdajì ẹgbẹ́ yín wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì.

Ènìyàn méjì ni kó mọ gbogbo nǹkan: ibi tí ìwé wà, ẹni tó ni àyè, ẹni tó ní àṣẹ gúrúùpù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá rìnrìn àjò, ẹ wo bóyá ìpàdé ọ̀sẹ̀ yẹn yàtọ̀. Bó bá yàtọ̀, ẹ ti rí iṣẹ́ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ lọ kí àwọn ẹlòmíràn

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó. Láti Adó sí Ìkéré kò jìnnà. Ẹ ta ayò níbi tí ẹ ti ń wo òkè Olóṣùnta lókèèrè, kí ẹ jẹun, kí ẹ padà. Kí ẹ̀yin àti wọn ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀dà ìwé ayò. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé òfin tiwọn yàtọ̀. Ẹ ta ìdajì pẹ̀lú tiwọn, ìdajì pẹ̀lú tiyín. Bí ẹnì kan nínú yín bá gbóná gan-an, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ayò wà lára àwọn eré ìbílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń díje nínú rẹ̀ ní National Sports Festival, kí ó lọ béèrè ní ọ́fíìsì eré ìdárayá ìpínlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yan àwọn tó máa lọ.

Bí ẹgbẹ́ bá ń rọ̀

Yóò rọ̀ nígbà kan. Ẹ má fi iye tó wá nìkan wò ó. Ẹ ṣí apá ẹ̀yìn ìwé, ẹ wo àwọn tó dáhùn ìbéèrè ní oṣù mẹ́ta tó kọjá. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ẹnì kan ló wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹgbẹ́ náà wà nínú ewu bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ènìyàn ń wá. Ní ìpàdé tó kàn, kí ẹni náà pa ẹnu mọ́, kó sì bi ẹlòmíràn ní ìbéèrè. Bó bá jẹ́ orúkọ ènìyàn márùn-ún, ẹ fọkàn balẹ̀ bó bá tiẹ̀ ku mẹ́rin nídìí ọpọ́n.

Bí ẹnì kan kò bá wá fún ìpàdé mẹ́ta léraléra, ẹ má kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé "a ò rí yín o". Ẹ rìn lọ sílé rẹ̀, ẹ gbé ọpọ́n dání, ẹ ta ẹyọ kan pẹ̀lú rẹ̀ ní pálọ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè ọjọ́ àti wákàtí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí àwọn méjì tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn bá dárúkọ ọjọ́ kan náà, ẹ gbé e síwájú ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ọjọ́ tuntun sí èèpo ìwé, ẹ sọ fún ẹni tó ni àyè, kí ẹ sì má tún yí i fún ọdún kan.